Omi láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ìtọ́sọ́nà fún ilé tó ní kànga ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀

Òjò tó ń rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn lọ́dún máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 1,300, láti oṣù Ẹrẹ́nà títí wọ oṣù Ọ̀wàrà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Síbẹ̀, bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá fi máa parí, tí ọyẹ́ ti fẹ́ títí, ọ̀pọ̀ kànga á ti fà, àwọn ọmọ á máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mẹ́ruwà á sì máa ta omi ní iye tó bá wù ú. Ìlú tí òjò ń rọ̀ sí tó báyìí kò yẹ kó máa wá omi bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò gan-an ni a ti ń pinnu bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò ṣe rí, ẹni tó bá sì dúró di ìgbà tí ìfami ń ha ilẹ̀ kànga kí ó tó ronú nípa omi ti pẹ́ jù.

Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí a ń kà nípa omi ni a kọ fún ilé tí omi ẹ̀rọ ti ń ṣàn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà, tí wọ́n sì ń bomi rin koríko iwájú ilé. Ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan wẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ṣe ń dín omi ìwẹ̀ kù, nítorí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kì í sábà ju lítà 20 lọ, nígbà tí ṣáwà lè tú iye bẹ́ẹ̀ jáde láàrin ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ibòmíràn ni omi tiwa ti ń ṣòfò. Ó ń ṣòfò nínú táǹkì tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ lóru, ní oríkèé páìpù tó ń jò, nínú dúrọ́ọ̀mù tí a dà nù nítorí pé ìdin ẹ̀fọn ti wọ inú rẹ̀, àti, èyí tó pọ̀ jù lọ, lórí òrùlé tí a jẹ́ kí omi rẹ̀ máa ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí kànga fi ń gbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi kànga ń gbé, òjò ọdún kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá èyí tí a ti fà padà. Àyè ìpamọ́ yìí kò tóbi, nítorí náà bí òjò bá dá tí gbogbo àdúgbò sì ń fà á, omi náà á máa lọ sílẹ̀ ni. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀nà ní 1942, àti ti Aṣèjìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun ń pèsè omi ẹ̀rọ fún ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni páìpù wọn kò dé, ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó ń dá omi rẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ iye omi tí ilé yín ń lò

Ẹ mú ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ iye omi tó wọlé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni ẹ fi ń pọn omi, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ni kí ẹ fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, nítorí pé wọn kì í gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń fa omi kànga lọ sínú táǹkì orí òkè, ẹ kọ́kọ́ wá bí ó ṣe ń yára tó: ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹnu páìpù tó ń da omi sínú táǹkì, kí ẹ sì wo àkókò tó fi kún. Ẹ̀rọ tó ń kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan yóò fa lítà 500 ní ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà bí ẹ bá ti mọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́, ẹ ti mọ iye omi tí ẹ lò nìyẹn.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé lítà 50 sí 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ló ń kájú ọ̀pọ̀ ìlò ènìyàn: mímu, sísè, wíwẹ̀, fífọ aṣọ àti ìmọ́tótó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí ọ̀dá mú ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, lítà 50 yìí ni ìjọba ìlú náà pàṣẹ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má ṣe lò kọjá, wọ́n sì fara dà á títí òjò fi dé. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó bá ń lo lítà 300 lóòjọ́ ń ṣe dáadáa. Bí ìṣirò yín bá fi púpọ̀ kọjá lítà 100 fún ẹnì kan, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣe ògì tàbí fùfú tà nínú ilé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń mu èyí tó kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dí ibi tó ń jò kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, ẹ ki ọ̀pá gígùn kan tó mọ́ bọ inú táǹkì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, ẹ tún un ṣe. Bí táǹkì náà bá fẹ̀ tó mítà 1.2 láti etí kan dé èkejì, gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tí omi bá fi lọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 11. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lè da nǹkan bíi lítà 30 nù láàrin ọjọ́ kan, èyí sì ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ. Ẹ gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i, kí ẹ sì pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ kò bá rí ibi tó ń kán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ da zóbò díẹ̀, tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, sínú táǹkì kékeré tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ náà bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì náà kò dí dáadáa mọ́, púlọ́mbà sì lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ náà, ẹ rọ omi kún ìgò ike lítà 1.5 kan, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sínú táǹkì kékeré náà níbi tí kò ti ní dí ohunkóhun lọ́wọ́; ní ilé tí wọ́n ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà ogún lóòjọ́, lítà 30 ni ìgò yìí ń dá dúró. Ẹ má ṣe lo bíríkì, nítorí pé ó máa ń rún, èérún rẹ̀ a sì ba rọ́bà jẹ́.

Òfò tó burú jù lọ ní ilé tó ní ẹ̀rọ ni ti òru. Nítorí pé iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi súìṣì ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn kí wọ́n tó sùn, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí iná bá dé. Iná á dé ní aago méjì òru, táǹkì á kún ní aago mẹ́ta, omi á sì máa dà sílẹ̀ títí di aago mẹ́fà. Ní wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ̀rọ tó ń fa lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan yóò ti da lítà 4,500 nù, ìyẹn omi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí a ṣírò lókè, inú kànga kan náà tí a óò máa wò pẹ̀lú ìbànújẹ́ ní oṣù Èrèlé ló sì ti jáde. Súìṣì kan wà tí a ń so bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́ sínú táǹkì, tó máa ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí táǹkì bá ti kún. Bí owó yín bá mọ sí ríra ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, òun ni kí ẹ rà, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ sì bá yín so ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gba omi òrùlé

Àwọn baba wa kò jẹ́ kí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ lásán. Agbolé àtijọ́ ní àgbàlá tó ṣí sílẹ̀ láàrin, tí òrùlé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ń da omi sí, abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé àmù àti ìkòkò sí bí òjò bá ti ṣú. Òrùlé páànù tí a ń lò lónìí ń gba omi tó mọ́ ju ti koríko lọ, síbẹ̀ àwa la kò gbé nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye tí òrùlé yín lè gbà. Mìlímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan gééré ni. Ẹ wọn ilẹ̀ tí òrùlé bò, kì í ṣe dídagun òrùlé fúnra rẹ̀, kí ẹ fi fífẹ̀ rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀. Ilé tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, jẹ́ mítà 120 níbùú-lóòró. Òjò ńlá kan tó bá fún wa ní mìlímítà 20 yóò da lítà 2,400 sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tó ta dànù àti èyí tí oòrùn gbà, ó ku lítà 1,920. Bí a bá ṣe é fún odidi ọdún pẹ̀lú mìlímítà 1,300, ó lé ní lítà 124,000. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo lítà 300 lóòjọ́ yóò lo lítà 109,500 lọ́dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìṣirò yìí ṣe pẹ̀lú òrùlé tiyín, nítorí pé òun ló yí ọkàn tèmi padà: omi tó ń já bọ́ lórí ilé wa tó wa lò. Àyè tí a óò fi pa á mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn ni kò sí.

Kò sí ilé tó lè ra táǹkì tí yóò gba gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan. Omi mímu àti ti sísè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 8 fún méjèèjì, ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà yóò lo lítà 48 lóòjọ́, ìyẹn lítà 5,760 fún oṣù mẹ́rin tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń le. Táǹkì lítà 5,000 kan àti dúrọ́ọ̀mù lítà 200 mẹ́rin ti kájú ìyẹn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ní ìgbà òjò, dúrọ́ọ̀mù kan tó ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò jẹ́ kí kànga sinmi, ẹ óò sì bọ́ lọ́wọ́ ríra omi ọlọ́ràá láìnídìí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ so gọ́tà mọ́ etí òrùlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó dagun díẹ̀ sí ìhà ibi tí táǹkì wà. Páìpù ike ńlá tí a là sí méjì gba ipò gọ́tà tí a rà, ọparun tí a là náà sì lè ṣe iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọ táǹkì kí ewé àti ìgbẹ́ ẹyẹ má baà wọlé. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó bá nà sórí òrùlé. Bí òrùlé bá jẹ́ ti asíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ti ń rún, tàbí tí wọ́n fi ọ̀dà tó ní òjé kùn ún, omi rẹ̀ kò dára fún mímu. Ẹ lò ó fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilẹ̀ fífọ̀ nìkan.

Ẹ má ṣe gba òjò àkọ́rọ̀ sínú táǹkì. Gbogbo eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá tó ti kó jọ sórí páànù láti oṣù Bélú ló ń wẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, bí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, bí ó ti máa ń rí nígbà ìdáwọ́dúró òjò oṣù Ògún, ẹ jẹ́ kí òjò fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọ òrùlé kí ẹ tó yí páìpù sínú táǹkì. Omi àkọ́fọ̀ yìí wúlò fún ọgbà, nítorí náà ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má jẹ́ kí omi tí ẹ pa mọ́ bàjẹ́

Omi tó bàjẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù tí a sì dà nù kò yàtọ̀ sí èyí tó jò dànù. Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́: ìmọ́lẹ̀, ẹ̀fọn àti ọwọ́ ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí omi hu èéhọ̀n, ìdí nìyẹn tí táǹkì dúdú fi dára ju èyí tí oòrùn ń là kọjá lọ. Ẹ̀fọn lè ti inú ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò láàrin nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, nítorí náà ẹ dé gbogbo dúrọ́ọ̀mù pinpin, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ní ti ọwọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ife mímu wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìbù kan tó ní ọwọ́ gígùn bù ú, kí ẹ sì gbé ìbù náà kọ́.

Áálọ́ọ̀mù tí a máa ń yí nínú omi ń mú kí ẹrọ̀fọ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò sì pa kòkòrò àrùn. Omi tó bá mọ́ gaara lójú ṣì lè gbé àrùn onígbáméjì, irú èyí tó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó dáadáa fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ó tutù nínú ìkòkò tí ẹ fi sè é, ní dídé. Ẹni tí gáàsì tàbí èédú wọ́n fún lè rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, kí ó sì tẹ́ ẹ sí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, tàbí ọjọ́ méjì bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Oògùn kílórìnì tí a ń rọ sí omi dára púpọ̀. Agbára oríṣi kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lo omi kan ní ìgbà méjì

Omi tí a fi ṣan aṣọ ní àṣàkẹ́yìn ṣì mọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ tó dọ̀tí jù, lẹ́yìn náà kí ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí a fi fọ ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ dára fún ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ. Omidùn orí ògì ni a kì í dà nù tẹ́lẹ̀, nítorí pé àgbo ni ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi ọṣẹ sí ewé ẹ̀fọ́ tí a óò jẹ, ẹ má sì ṣe tọ́jú omi ìdọ̀tí di ọjọ́ kejì, nítorí pé yóò máa rùn, yóò sì di ibùgbé ẹ̀fọn. Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn kí ó bomi rin ín ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ilé Mùsùlùmí àti ní mọ́ṣáláṣí, omi àlùwàlá yẹ fún àfiyèsí. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àlùwàlá dé òpin lè lo ìlọ́po mélòó kan omi tí búútà kan ń gbà. Hádíìsì sọ pé mudd kan, tí kò tó lítà kan, ni Ànábì Muhammad máa ń fi ṣe àlùwàlá. Kí àwọn alábòójútó mọ́ṣáláṣí pèsè búútà tó pọ̀ tó, kí wọ́n sì darí omi tó ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ igi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tọ́jú kànga

Ohun tí a kò fún ilẹ̀ ní ìgbà òjò, a kò lè rí i fà nínú kànga ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí gbogbo onílé bá fi kọnkéré bo àgbàlá wọn pátápátá, omi òjò kì í rí ibi wọlẹ̀. Yóò ṣàn lọ sí gọ́tà, láti gọ́tà dé odò, ìlú tó sì rí ọ̀gbàrá Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tó ń tẹ̀yìn irú omi bẹ́ẹ̀ yọ. Ẹ fi apá kan àgbàlá sílẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ àti igi. Bí táǹkì bá kún, ẹ darí àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò kan tó jìn tó mítà kan, tí ẹ fi òkúta kún, tó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kí ilẹ̀ lè mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fúnni ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá àti sókáwéè ní mítà 30. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì tí a ń rà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn nǹkan bíi mítà 15 sí 30, kò sì sí bí ilé méjì tó fara kanra yóò ṣe pa òfin náà mọ́ bí wọn kò bá jọ sọ ọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ògiri kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bi aládùúgbò yín léèrè ibi tí sókáwéè rẹ̀ wà. Bí kànga bá ti wà nílẹ̀ tí àyè kò sì tó, ẹ jẹ́ kí omi òrùlé jẹ́ ti mímu, kí ti kànga jẹ́ ti fífọ̀ àti ti wíwẹ̀. Kí ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ, kí ó ní ìdérí tó ṣeé tì pa nítorí àwọn ọmọdé, kí ìfami kan ṣoṣo sì wà fún un, tí a kì í gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, tàbí kí ó mú èyí tó wà jìn sí i, kí ó ṣe é láàrin oṣù Èrèlé sí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé ibi tó máa ń lọ dé. Kànga tí a gbẹ́ ní oṣù Agẹmọ yóò tètè kan omi, inú olówó á sì dùn, ṣùgbọ́n yóò gbẹ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀. Bí wọ́n bá ní láti fa omi jáde kí agbẹ́kànga lè ríbi ṣiṣẹ́, òde ni kí ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù wà, kí ó jìnnà sí ẹnu kànga. Èéfín rẹ̀ máa ń rọ̀ jọ sínú ihò, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga àti àwọn tó wọlé láti gbà wọ́n. Kí agbẹ́kànga so okùn mọ́ àyà, kí ènìyàn méjì sì dúró lókè títí yóò fi jáde.